Ìmọ̀ràn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kì í dá àrùn ọkàn dúró: ohun tí ìwádìí sọ nípa ètò àyípadà ìgbé-ayé

Nínú ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn lágbàáyé, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ lójoojúmọ́. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò, ó rí i pé ìfúnpá rẹ̀ ti ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ó wo èsì àyẹ̀wò, ó rí i pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ń gòkè bọ̀, ọ̀rá náà kò sì kéré. Ó wá ní: “Ẹ dín iyọ̀ kù, ẹ máa rìn dáadáa, ẹ jẹ́ kí ara yín fúyẹ́ díẹ̀, ẹ pa sìgá tì.” Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Aláìsàn dúpẹ́, ó gbalé lọ. Nígbà tó máa fi padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ibi tí nọ́ńbà náà wà tẹ́lẹ̀ ló ṣì wà.

Gbogbo ohun tí dókítà sọ ló tọ̀nà, aláìsàn náà sì fẹ́ ṣe é. Àmọ́ ẹni tó ti ń jẹun lọ́nà kan láti ogún ọdún wá, tó ń jókòó ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, kò lè tìtorí ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá di ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí àwọn orílẹ̀-èdè kan fi ń gbé ètò kalẹ̀ báyìí, níbi tí wọ́n ti ń forúkọ ẹni tí ewu àrùn ọkàn wà lórí rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n sì ń bá a ṣiṣẹ́ fún odindi ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí oúnjẹ, ìrìn, ìwọ̀n ara àti sìgá. Owó ìjọba àti ti ilé-iṣẹ́ adójútòfò ló ń wọ inú irú ètò bẹ́ẹ̀. Ó tọ́ ká béèrè èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn, àti ìdí tí àwọn kan fi kùnà. Bí mo ṣe ń ka ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí tó, ohun kan ló túbọ̀ ń dá mi lójú: iye ìgbà tí ènìyàn ń padà rí ẹni tó ń tọ́ ọ sọ́nà ló ń pinnu èsì, ju bí ìmọ̀ràn náà ṣe gbọ́n tó lọ.

Àrùn tí kì í ké kí ó tó dé

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2022, nǹkan bíi mílíọ̀nù 19.8 ènìyàn ni àrùn ọkàn àti ti òpó ẹ̀jẹ̀ pa. Ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ikú tó ṣẹlẹ̀ láyé lọ́dún náà nìyẹn. Ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ló kó ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ikú wọ̀nyí, àwọn orílẹ̀-èdè tí owó wọn kò pọ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀.

Ikú òjijì ni a máa ń pè é, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti òjijì rárá. Láti ìgbà èwe ni ọ̀rá ti lè máa wọ ara ògiri òpó ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ru, agbára tó fi ń ti ògiri náà á máa ṣe é léṣe. Èéfín sìgá á máa ba awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà nínú rẹ̀ jẹ́. Ṣúgà tó pọ̀ jù á dá kún un. Ọ̀rá á máa rí ibi wọ̀, á sì máa ga sí i fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún láìsí ìrora kankan. Lọ́jọ́ kan, òkìtì ọ̀rá náà á là, ẹ̀jẹ̀ á dì lé e lórí, ọ̀nà á sì dí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Tó bá jẹ́ òpó tó ń bọ́ ọkàn ló dí, ìkọlù ọkàn nìyẹn. Tó bá jẹ́ èyí tó ń bọ́ ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹni tó bá ní “ara mi le, nǹkan kan kò ṣe mí” kò tíì sọ ohunkóhun nípa bí òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe rí.

Ìlú Framingham ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, Amẹ́ríkà, ni púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa ewu yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1948, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ ọkùnrin àti obìnrin sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n jẹ́ 5,209, ọjọ́ orí wọn sì wà láàárín ọdún 30 sí 62. Ọdún méjì-méjì ni wọ́n ń padà yẹ̀ wọ́n wò. Lákòókò yẹn, ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé ẹ̀jẹ̀ ríru kàn ń bá àgbà wá ni, kò sì yẹ kí ènìyàn máa da ara rẹ̀ láàmú lórí rẹ̀. Framingham ló jẹ́ kó hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru, kọlẹ́sítẹ́rọ̀ọ̀lù (oríṣi ọ̀rá kan nínú ẹ̀jẹ̀) àti sìgá ti máa ń wà lára ènìyàn ní ọ̀pọ̀ ọdún kí àrùn ọkàn tó yọjú. Ní London, Jeremy Morris àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé èsì jáde ní 1953 pé àwọn tó ń gba owó nínú bọ́ọ̀sì alájà méjì, tí wọ́n ń gun àtẹ̀gùn sókè sódò lójoojúmọ́, kò ní àrùn ọkàn tó àwọn awakọ̀ tó jókòó sójú kan. Ní 2004, ìwádìí INTERHEART kó orílẹ̀-èdè 52 pọ̀, ó sì rí i pé ohun mẹ́sàn-án péré ló wà nídìí nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ewu ìkọlù ọkàn àkọ́kọ́. Sìgá, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ikùn tó tóbi, ìdààmú ọkàn, àìjẹ èso àti ẹ̀fọ́, àìṣe eré ìdárayá àti bí ènìyàn ṣe ń mu ọtí ni. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a kò lè yí padà tàbí tí a kò lè tọ́jú.

Ẹni tí ètò wọ̀nyí wà fún ni àgbàlagbà tí kò tíì ní àrùn ọkàn, ṣùgbọ́n tí díẹ̀ nínú nǹkan mẹ́sàn-án yẹn ti wà lára rẹ̀. Ìfúnpá tó bá ti dé 140 lórí 90 ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń pè ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Amẹ́ríkà fa ààlà náà wálẹ̀ sí 130 lórí 80 ní 2017. Dókítà tó mọṣẹ́ kì í wo nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ó máa ń pa ọjọ́ orí, ìfúnpá, kọlẹ́sítẹ́rọ̀ọ̀lù, sìgá àti ṣúgà pọ̀, kó lè ṣírò bó ṣe ṣeé ṣe tó pé ìkọlù ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ yóò bá ẹni náà láàárín ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀jẹ̀ tó ga díẹ̀ lára ẹni ọdún 35 tí kò fa sìgá rí, àti ẹ̀jẹ̀ kan náà lára ẹni ọgọ́ta ọdún tó ń fa sìgá, ewu wọn kò dọ́gba rárá.

Wákàtí mẹ́fà láàárín ọdún kan

Ètò tí ọ̀pọ̀ àwọn yòókù wò kọ́ṣe ni Diabetes Prevention Program, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2002. Àwọn 3,234 tí ṣúgà wọn ti ga ṣùgbọ́n tí kò tíì di àtọ̀gbẹ ló kópa. Apá kan gba oògùn àtọ̀gbẹ tí wọ́n ń pè ní metformin, apá kan gba oògùn tí kò ní agbára kankan nínú, apá kẹta wọ ètò ìgbé-ayé. Àfojúsùn méjì péré ni wọ́n fún apá kẹta yìí: kí ìwọ̀n ara wọn fi ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, kí wọ́n sì máa ṣe eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá wọn 90 kílò, kílò mẹ́fà àti díẹ̀ ni wọ́n ní kó sọ nù. Ìṣẹ́jú 150 náà sì jẹ́ ìrìn kánmọ́kánmọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lọ́jọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀.

Olùtọ́sọ́nà wà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kọ́ 16 ni wọ́n jọ ṣe láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lóṣooṣù. Aláìsàn ń kọ ohun tó jẹ sílẹ̀, ó ń gun orí ìwọ̀n, ó sì ń sọ ohun tó dí i lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ta, iye àwọn tó di alátọ̀gbẹ nínú wọn fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tó gba oògùn aláìlágbára. Ti àwọn tó lo metformin fi ìdá 31 kéré. Ní Finland, ìwádìí mìíràn tó kó ènìyàn 522 jọ ti rí ìdá 58 yìí kan náà ní ọdún tó ṣáájú. Àtọ̀gbẹ ni wọ́n ń wò, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú ọ̀nà tó gbòòrò jù tí àrùn ọkàn ń gbà wọlé ni àtọ̀gbẹ, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó wà nínú ètò náà sì sunwọ̀n sí i pẹ̀lú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ètò yẹn wò. Kò sí àṣírí kankan nínú rẹ̀. Kò sí oúnjẹ àrà ọ̀tọ̀, kò sí àgbo, kò sí ẹ̀rọ olówó ńlá. Gbogbo ohun tí olùtọ́sọ́nà ń sọ ni dókítà oníṣẹ́jú mẹ́wàá ti sọ. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ẹnì kan ń dúró de aláìsàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti béèrè bó ṣe lọ.

Ní oṣù kọkànlá 2020, USPSTF, ìgbìmọ̀ ògbógi kan ní Amẹ́ríkà tó ń gbé ìmọ̀ràn kalẹ̀ lórí ìdènà àrùn, ní kí àwọn dókítà máa pèsè irú ètò yìí fún àgbàlagbà tí ewu àrùn ọkàn wà lórí wọn, tàbí kí wọ́n darí wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Nínú àwọn ìwádìí tí ìgbìmọ̀ náà gbára lé, ohun tó wọ́pọ̀ ni nǹkan bí ìpàdé 12 láàárín ọdún kan, àròpọ̀ àkókò rẹ̀ sì tó wákàtí mẹ́fà. Wákàtí mẹ́fà kò pọ̀. Ẹni tó bá wo eré bọ́ọ̀lù mẹ́rin parí ti lò ó tán. Àmọ́ wákàtí mẹ́fà tí a pín sọ́nà méjìlá yàtọ̀ sí èyí tí a rọ́ lé ènìyàn lórí lọ́jọ́ kan. Láàárín ìpàdé kan sí èkejì, ẹni náà á gbìyànjú, ibì kan á yege, ibì kan á bàjẹ́, á sì mú èyí tó bàjẹ́ padà wá. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ní òun kò rí àyè rìn láàárọ̀ á gbọ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ náà ń wọlé. Ẹni tó ti dín iyọ̀ nínú ìkòkò kù, tí ìfúnpá rẹ̀ kò sì wálẹ̀, á rí i lọ́dọ̀ olùtọ́sọ́nà pé inú búrẹ́dì àti oúnjẹ inú agolo ni iyọ̀ rẹ̀ ti ń wá.

Amẹ́ríkà àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ irú ètò yìí di ti gbogbogbòò. Ètò adójútòfò ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn àgbà, Medicare, bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún ti ìdènà àtọ̀gbẹ ní 2018. Ilé-iṣẹ́ ìlera ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NHS, bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 2016.

Àwọn ètò tí kò so èso tí a retí

Ẹni tó bá ń polówó ètò ìgbé-ayé kì í sábà sọ apá yìí, bẹ́ẹ̀ òun ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù.

Ní Denmark, ìwádìí Inter99 pe àwọn ará àyíká Copenhagen tó wà láàárín ọdún 30 sí 60 wá fún àyẹ̀wò ewu àrùn ọkàn. Wọ́n pe 11,629, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tó lé ní 47,000 tí wọn kò pè. Ìmọ̀ràn ojúkojú tí wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan kò ju ìgbà mẹ́rin lọ láàárín ọdún márùn-ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n tún pe àwọn tí ewu wọn ga sí ìpàdé ẹgbẹ́ mẹ́fà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín apá méjèèjì, ìbáà ṣe àrùn ọkàn, ìbáà ṣe rọpárọsẹ̀, ìbáà ṣe ikú. Díẹ̀ ló fi ju ìdajì lọ nínú àwọn tí wọ́n pè tó tilẹ̀ yọjú. Ìpàdé tó ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ fún ọdún márùn-ún, fún nǹkan bí ìdajì àwọn tí wọ́n pè: èsì náà kò yà mí lẹ́nu.

Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní MRFIT ti kó ọkùnrin 12,866 jọ ní àwọn ọdún 1970. Ewu àrùn ọkàn ga lórí gbogbo wọn. Apá kan gba ìrànlọ́wọ́ àkànṣe lórí sìgá, oúnjẹ àti ìfúnpá. Apá kejì padà sọ́dọ̀ dókítà tiwọn. Nígbà tí èsì jáde ní 1982, ikú àrùn ọkàn láàárín apá méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀kan pàtàkì nínú ìdí rẹ̀ ni pé apá kejì náà ti ń fi sìgá sílẹ̀, wọ́n sì ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, torí ìròyìn ti tàn káàkiri.

Èyí tó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu jù ni ìwádìí Look AHEAD ti Amẹ́ríkà. Àwọn 5,145 tó sanra tí wọ́n sì ti ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì ló wà nínú rẹ̀. Àwọn tó wọ ètò náà fi ìdá 8.6 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn sílẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Èrè ńlá ni. Síbẹ̀, ní 2012, lẹ́yìn ọdún tó sún mọ́ mẹ́wàá, wọ́n dá ìwádìí náà dúró nítorí pé ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀ kò dín kù ju ti apá kejì lọ. Bákan náà ni wọ́n tẹ̀ lé àwọn tó wà nínú Diabetes Prevention Program títí di nǹkan bí ọdún 21. Àtọ̀gbẹ dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n èsì tó jáde ní 2022 kò fi hàn pé ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀ dín kù.

Ṣé a wá lè sọ pé òfo ni gbogbo rẹ̀? Rárá. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ìlú Da Qing ní China. Ní 1986, wọ́n kó ènìyàn 577 tí ṣúgà wọn ti ń gòkè jọ láti ilé ìwòsàn kéékèèké 33. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi bá àwọn tó wà nínú ètò náà ṣiṣẹ́ lórí oúnjẹ, eré ìdárayá tàbí méjèèjì. Lẹ́yìn náà wọ́n ń wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn fún ọgbọ̀n ọdún. Èsì tó jáde ní 2019 sọ pé ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti irú wọn fi ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, ikú tí àrùn ọkàn àti ti òpó ẹ̀jẹ̀ ń fà fi ìdá 33 dín kù, ẹ̀mí wọn sì gùn sí i ní nǹkan bí ọdún kan àtààbọ̀.

Tí a bá gbé Da Qing sẹ́gbẹ̀ẹ́ Look AHEAD, ohun méjì ló jọ mí lójú. Àkọ́kọ́ ni ìgbà: àwọn ará Da Qing bẹ̀rẹ̀ kí àtọ̀gbẹ tó dé, àwọn ti Look AHEAD bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tó ti dé. Èkejì ni oògùn. Nígbà tí Da Qing bẹ̀rẹ̀, oògùn tó ń fa kọlẹ́sítẹ́rọ̀ọ̀lù wálẹ̀ kò tíì dé ọwọ́ àwọn ènìyàn níbẹ̀, nítorí náà ètò ìgbé-ayé nìkan ló dá gbé ẹrù náà. Ní Amẹ́ríkà ti àwọn ọdún 2000, apá méjèèjì ló ń lo oògùn ìfúnpá àti ti kọlẹ́sítẹ́rọ̀ọ̀lù, àǹfààní tí ètò ìgbé-ayé ìbá fi kún un sì ṣòro láti rí. Mi ò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni fi èyí sọ pé kí a yan oògùn kí a sì pa ìgbé-ayé tì. Ohun tó fi hàn ni pé àwọn méjèèjì ń ṣe iṣẹ́ kan náà láti ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tí ewu rẹ̀ bá sì ga nílò méjèèjì. Ó dùn mí nígbà tí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì torí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ìrìn náà dára, ṣùgbọ́n dókítà ló yẹ kó sọ ìgbà tí oògùn yóò dín kù.

Oúnjẹ àti iyọ̀

Ìwádìí DASH, tó jáde ní 1997, fún àgbàlagbà 459 ní oúnjẹ tí wọ́n ti sè fún wọn. Oúnjẹ tó kún fún èso, ẹ̀fọ́ àti wàrà tí ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀ fa ìfúnpá òkè (nọ́ńbà àkọ́kọ́, bíi 140 nínú 140 lórí 90) àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ ní nǹkan bí 11, ìyẹn sì sún mọ́ ohun tí oògùn kan lè ṣe. Àmọ́ wọ́n sè é fún wọn ni. Ẹni tó máa ra tirẹ̀, tó máa sè é, tó sì máa bá ará ilé rẹ̀ sọ ọ́, iṣẹ́ tirẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Spain, ìwádìí PREDIMED kó ènìyàn 7,447 tí ewu wọn ga jọ, ó sì fún àwọn kan ní òróró ólífì tàbí ẹ̀pà oríṣiríṣi lọ́fẹ̀ẹ́. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2013 ní ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti ikú àrùn ọkàn láàárín wọn fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé ní àwọn ibì kan, wọn kò pín àwọn ènìyàn sí apá bó ṣe yẹ. Wọ́n fa ìwé náà sẹ́yìn ní 2018, wọ́n tún ìṣirò náà ṣe, wọ́n sì gbé e jáde lákọ̀tun. Ìdá 30 náà kò fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn pé wọ́n ṣe é ní gbangba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yẹ kí òǹkàwé mọ̀ pé ẹ̀rí náà kò le tó bí a ṣe kọ́kọ́ rò.

Ti iyọ̀ ló ṣe tààrà jù. WHO ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù márùn-ún lójúmọ́, ìyẹn kò kún ṣíbí tíì kan. Ní China, ìwádìí kan tó jáde ní 2021 lo abúlé 600, ó sì fún àwọn ará ìdajì wọn ní iyọ̀ tí wọ́n fi èròjà potassium rọ́pò ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀. Àwọn tó kópa jẹ́ 20,995: àwọn tí rọpárọsẹ̀ ti ṣe rí, tàbí àwọn tó ti tó ọgọ́ta ọdún tí ẹ̀jẹ̀ wọn sì ń ru. Láàárín àwọn tó lo iyọ̀ yìí, rọpárọsẹ̀ fi ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, ikú fi ìdá 12 dín kù, láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn ní ọ̀nà tuntun láti sebẹ̀. Ẹni tí kídìnrín rẹ̀ kò dára gbọ́dọ̀ bi dókítà kó tó fọwọ́ kan irú iyọ̀ yìí, torí potassium tó pọ̀ jù lè da ìlù ọkàn rú.

Ta ni yóò máa tẹ̀ lé e?

Dókítà kò pọ̀ tó láti máa pàdé aláìsàn kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀méjìlá lọ́dún. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó ti sábà ń dá ètò dúró. Ìwádìí HOPE 4 tí wọ́n ṣe ní Colombia àti Malaysia dáhùn rẹ̀ lọ́nà tó wú mi lórí. Àdúgbò 30 ló kópa. Ní àwọn kan nínú wọn, wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe dókítà, wọ́n fún wọn ní kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí ìlànà ìtọ́jú wà nínú rẹ̀, wọ́n pèsè oògùn lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ àbójútó dókítà, wọ́n sì ní kí aláìsàn kọ̀ọ̀kan yan ọ̀rẹ́ tàbí mọ̀lẹ́bí kan tí yóò máa rán an létí. Lẹ́yìn ọdún kan, ìfúnpá wá sábẹ́ àkóso lára ìdá 69 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Ní àwọn àdúgbò yòókù, tí ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá ń bá a lọ, ìdá 30 ni.

Ní Los Angeles, wọ́n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú 319 ló kópa, ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn ń ru. Onígbàjámọ̀ tí wọ́n ti mọ̀ láti ọdún pípẹ́ ló ń gbà wọ́n níyànjú, apoògùn sì ń wá bá apá kan nínú wọn nínú ṣọ́ọ̀bù láti yẹ̀ wọ́n wò kó sì kọ oògùn fún wọn. Láàárín oṣù mẹ́fà, ìfúnpá òkè àwọn tó rí apoògùn wálẹ̀ ní 27. Ti àwọn tí onígbàjámọ̀ kàn gbà níyànjú láti lọ rí dókítà wálẹ̀ ní nǹkan bí 9. Èsì ọdún 2018 nìyẹn, ó sì fi hàn pé ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn ti mọ́ ni ìtọ́jú ti rọrùn láti tẹ̀ lé.

Ohun kan wà tí ètò tó ń bá ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣiṣẹ́ kò lè ṣe. Ní 1972, North Karelia ní Finland wà lára ibi tí àrùn ọkàn ti ń pa ọkùnrin jù láyé. Pekka Puska àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò dúró sí ilé ìwòsàn. Wọ́n lọ bá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe wàrà, àwọn tó ń ṣe sọ́sééjì, ilé ẹ̀kọ́ àti tẹlifíṣọ̀n. Láàárín nǹkan bí ogójì ọdún, ikú àrùn ọkàn láàárín àwọn ọkùnrin tó ṣì wà ní ọjọ́ orí iṣẹ́ fi ohun tó lé ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ó yẹ kí àwọn tó ń dá aláìsàn lẹ́bi pé kò ní ìkóra-ẹni-níjàánu ronú lórí èyí. Bí iyọ̀ bá ti wà nínú búrẹ́dì kí ènìyàn tó rà á, tí ọ̀nà kò sì ní ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ lè gbà, ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹni tó ń gbé níbòmíràn lọ.

Àwọn abẹ́rẹ́ tó ń dín ìwọ̀n ara kù ti tún ọ̀rọ̀ náà gbé dìde. Ní 2023, ìwádìí SELECT, tó kó ènìyàn 17,604 jọ, fi hàn pé semaglutide, ọ̀kan nínú wọn, fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún dín ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti ikú àrùn ọkàn kù. Àwọn tó ti ní àrùn ọkàn tàbí ti òpó ẹ̀jẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n dán an wò lára wọn, kì í ṣe àwọn tí à ń sọ̀rọ̀ wọn níbí. Ìwọ̀n ara sì máa ń padà wá bí ènìyàn bá dá abẹ́rẹ́ náà dúró, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń padà díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ìpàdé olùtọ́sọ́nà bá dẹ́kun.

Nítorí náà, tí wọ́n bá ní kí ẹ wọ irú ètò yìí, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Ìpàdé mélòó ló wà nínú ọdún, ṣé ẹnì kan náà ni ẹ ó sì máa rí? Tí ẹ kò bá wá lọ́sẹ̀ kan, ta ni yóò pè yín? Ṣé wọ́n máa ń bá dókítà yín sọ̀rọ̀ nípa oògùn yín, tàbí ńṣe ni wọ́n ń ṣe tiwọn lọ́tọ̀? Ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé lè bá yín wá? Kí ni wọ́n ti pèsè fún oṣù kẹtàlá, nígbà tí ọdún kan bá pé? Ètò tó bá rí ìdáhùn gidi fún àwọn ìbéèrè wọ̀nyí, tí kò sì ṣe ìlérí pé ara yóò yí padà pátápátá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ni ẹ lè fi àkókò yín fún.